Ike Funfun Tí Àbúrò Bàbá Wa Gbé Lọ sí Ìrẹmọ

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹbí aláìsàn ni ó máa ń gbé ohun tí wọ́n bá gé kúrò lára rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì á gbé ike fún ọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, á sì júwe ọ̀nà. Ní ọjọ́ náà, ike ọ̀dà funfun kan ni. Apá ìfun ńlá tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rì sínú oògùn olóòórùn líle tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà.

Èmi ni ó yẹ kí n gbé e. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù, mo sì ní kíláàsì ní aago márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí mo padà sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, n kò sì tíì pa kíláàsì kan jẹ rí. Àbúrò bàbá wa dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bírò mẹ́ta nínú àpò àyà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé kò sí ìwé tí ọba ayé kọ tí òun kò lè túmọ̀. Ó na ọwọ́.

"Gbé e wá. Lọ kàwé rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi bí a ṣe ń jíṣẹ́?"

Mo gbé e fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni olùkọ́ wa ti ya àwọn kókó inú ara sójú pátákó. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ wọ́n: bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn a wú ní ìpìlẹ̀ itan. Wọ́n wà nínú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ìfun pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí bí ó bá fẹ́ rìn jìnnà. Dókítà ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi láìfi bò: bí àwọn kókó náà bá mọ́, ìrètí pọ̀, ó sì lè máa lọ sílé ní tirẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé inú wọn, ìrètí dín kù, yóò sì gba kímò, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan, fún oṣù mẹ́fà. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbọ́ pé oògùn náà máa ń mú kí ìka kú tipiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ béèrè ní ilé àyẹ̀wò. Ike kankan kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo bá ike náà ní Ìrẹmọ, ní ẹ̀yìnkùlé agboolé wa, lẹ́bàá ibi tí wọ́n sin olóbi gbogbo wa sí nígbà tí wọ́n bí wa. Àbúrò bàbá wa jókòó tì í lórí àga. Ó ń dúró de olórí ẹbí tí yóò ti Ẹdúnàbọ̀n dé láti wá tọ́ka ibi tí wọn yóò gbẹ́.

"Bàbá, omi inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó ń ta ènìyàn lójú? Mo dà á nù. Mo fi omi kànga ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kẹ́míkà la ó fi sin ẹran ara ọmọ ilé yìí?"

"Wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Èyí tó burú ti jáde. Kí ni wọ́n tún ń wá nínú rẹ̀?" Ó fi ìka gbá fọ́ọ̀mù tó wà lórí itan rẹ̀. "Mo ti ka ìwé yìí tinú tẹ̀yìn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a kò gbọdọ̀ sin ín."

Òótọ́ ni. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ fi se ọbẹ̀.

Mo gbé ike náà gun ọ̀kadà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n rí jẹjẹrẹ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ìfun ti bàjẹ́. Ó kéré tán, kókó méjìlá ni wọ́n ń wá. Mẹ́rin péré ni wọ́n rí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, ṣùgbọ́n dókítà kò lè fi mẹ́rin búra. Ó ní òun yóò ṣe é bí ẹni pé jẹjẹrẹ lè wà nínú àwọn tí a kò rí.

Àbúrò bàbá wa wá kí aláìsàn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mẹ́rin nínú mẹ́rin. Ní kọ́ọ̀tù, bí ẹlẹ́rìí mẹ́rin bá sọ ohun kan náà, ẹjọ́ ti parí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ẹ ṣé, Bàbá. Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́jọ tí ẹ fi omi kànga ṣàn dànù ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú rẹ̀, èyí tó wà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gba oògùn náà fún oṣù mẹ́fà. Bóyá ó nílò rẹ̀, bóyá kò nílò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ fún un mọ́. Ìka rẹ̀ kú tipiri bí ó ṣe bẹ̀rù. Àbúrò bàbá wa sì ń sọ fún àwọn àlejò pé oògùn òyìnbó ló ba ọwọ́ ọmọ òun jẹ́. Ó máa ń fi bírò tọ́ka sí i bí ó bá ń sọ ọ́.

Èmi ni mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí. Ní ọjọ́ kan, ó bi mí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Olùkọ́ kò wá. A jókòó títí di aago mẹ́fà, a sì túká.

Ó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ.