Ọwọ́ Òsì Ìyá Àgbà

Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Àfọ́ igbá ń ro gàrí kiri nínú agbada, èéfín bo ojú wa. Lójijì, igbá bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà mi. Wọ́n di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún wọn mú. "Yéè! Apá mi o!" Gàrí ń jóná, wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Kò sí ẹni tí ò mọ gàrí wọn ní àdúgbò wa l'Ọ́fà. Apá ọ̀tún kan ṣoṣo yẹn ló ń yan án láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tẹ ìgbọ̀nwọ́ náà wò. "Ìyá, àṣejù iṣẹ́ ni. Ẹ má fi apá yìí yan gàrí fún oṣù mẹ́ta. Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o, kí ẹ máa nà án díẹ̀díẹ̀. Ó máa san."

"Oṣù mẹ́ta? Ṣé mo ti kú ni?"

Síbẹ̀, wọ́n gbọ́ràn. Omi gbígbóná láàárọ̀, òrí lálẹ́. Ọwọ́ òsì ló ń ṣe gbogbo nǹkan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n sì ti ń jẹun kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbé ife omi. Inú mi dùn gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ òsì na àkàrà sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì."

Ìyá kan ládùúgbò tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ rèé!" Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àkàrà náà sílẹ̀. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Òmùgọ̀ ọmọ ni mí.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣàà, ṣàà ló jí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló di igbá mú.

"Ìyá, nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́ta..."

"Ara mi ti yá. Lọ wẹ̀."

Ara wọn ò yá. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìgbọ̀nwọ́ ti gan, kò lè ká dé ẹnu mọ́. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti fi òsì jẹun. Èmi ni mo ń bu òkèlè sí wọn lẹ́nu títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo ti dàgbà báyìí, ìgbọ̀nwọ́ tèmi náà ti ń dùn mí. Mo ń jẹ́ kó sinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí mi, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.