Ọ̀rọ̀ Tí Nẹ́tíwọ̀kì Gé Mọ́ Aránṣọ Lẹ́nu

Àkàbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sígbà tí ẹ máa rí ọkùnrin náà tí kò ní gbé àkàbà kọ́ èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa nẹ́tíwọ̀kì wọ ilé onílé. Bí wáìfáì yín bá ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ tí kò dé yàrá, òun ni ẹ máa ránṣẹ́ sí. Bó bá dé, kò ní kọ́kọ́ tú irinṣẹ́ sílẹ̀. Á mú fóònù dání, á máa rìn láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó ń wá ọmọ adìyẹ tó sọnù, á máa wo ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára àtibi tó ti ń kú lọ. Ìgbà tó bá yí ilé po tán ló tó máa lanu.

"Ẹ ti gbé ìyá àpótí wáìfáì yín pamọ́ sẹ́yìn fíríìjì. Irin ni fíríìjì. Bí wọ́n bá fi irin dí ẹ̀yin náà lẹ́nu, ṣé ẹ máa lè sọ̀rọ̀?"

Onílé á rẹ́rìn-ín, á ní kí ni ká wá ṣe. Àkàbà á ṣàlàyé pé àpótí kékeré kan máa wà lókè àjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á sì fa waya láti ara ìyá lọ sára ọmọ. Bí onílé bá ní òun ti rí irú èyí tí kò nílò waya rárá, tí wọ́n kàn ń kì bọ iná lára ògiri, Àkàbà á mirí.

"Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ gbé e síbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti kú. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ìyá ló máa sọ. Ọmọ tí ò gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀, kí ló fẹ́ wí fún ará ilé?"

Àìmọye onílé ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọjọ́ tó yẹ kó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ gan-an ló wá gbàgbé.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ ni, tó jẹ́ pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ní ìdajì aṣọ ló fi òwú rán, ìdajì tó kù, ẹnu ló fi rán an. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Dúdú láti kékeré torí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí Dúdú ti wà lókè òkun, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ńlá kan. Ìwé tó máa jẹ́ kó lè lọ kó sì lè padà kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jáde nílùú náà kí ìwé tó jáde, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí aránṣọ ṣe fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀. Ètè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ balùwẹ̀ jù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wá ń bá wọn gbé kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ bàbá tó bí Àkàbà, tó kọ́ ilé náà, kì í ṣe ẹni tó ń ṣahun búlọ́ọ̀kù. Ìlọ́po méjì ló to ògiri ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń kú.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n bá fún Dúdú ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á pè kó lè rí ojú ìyá rẹ̀. Ojú tirẹ̀ á dì gbagidi lórí fóònù pẹ̀lú ẹnu lílà. Ohùn á wá, á lọ. Wọ́n gbìyànjú láti gbé aránṣọ lọ sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìrora tó hàn lójú rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n dán an wò nígbà kẹta. Síbẹ̀, bí ohùn ọmọ yẹn bá ti já wọlé, bó ti wù kó kéré mọ, ìka ọwọ́ òsì ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìbora, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò bóyá ó nípọn.

"Ẹ̀gbọ́n," Nọ́ọ̀sì ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nẹ́tíwọ̀kì wọlé gbogbo ayé. Ẹ wo yàrá yìí."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan tàbí méjì ni: kí wọ́n tú àjà, kí wọ́n lu ògiri, kí wọ́n fa waya. Àmọ́ ó ti gba iṣẹ́ ilé ìwé kan lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ń bẹ̀rù ariwo dírììlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí aláìsàn. Ló bá yọ àpótí akìbọná kan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ ògiri lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Iná tàn lára rẹ̀. Fóònù ní nẹ́tíwọ̀kì ti kún. Kíkún náà, kíkún lásán ni, torí fóònù ń gbọ́ àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa, àpótí fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́ ti pálọ̀. Àkàbà rí iná, ó pa ojú dé sí èyí tó kù, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ó wà nílé nígbà tí Dúdú pè. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Àwòrán mọ́ gaara lọ́jọ́ náà. Dúdú jókòó sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n to táwẹ́ẹ̀lì sí dé òkè, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màámi, èmi ni o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ìyá àgbà kan tí mo wẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ wọn lára. Mo ní ẹ wo ìyá mi kejì!"

Ètè aránṣọ gbọ̀n. Ó là. Àkàbà tẹ̀ síwájú, ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Àfi gbà! Àwòrán dúró. Ohùn Dúdú já bí òwú.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn oṣù méjì tí kò ti sọ nǹkan kan.

"Wá sílé," ló wí.

Ó fà á, ó wúwo lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó yanjú. Ó wá ń wo ojú ọmọ rẹ̀ tó dì lórí fóònù, ó ń retí èsì.

Àkàbà sáré jáde lọ sí pálọ̀, ó ń tẹ fóònù bó ti ń sáré. Dúdú gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá mi! Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀! Mo rí ẹnu wọn. Kí ni wọ́n sọ?"

Ọkùnrin náà dúró láàárín pálọ̀. Ẹyin lohùn. Bó bá sọ ọ́, ọmọ yìí á wọ bàálù lọ́la, ọdún márùn-ún á sì wọmi. Bí kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́?

"Orúkọ ẹ ló pè," ó ní. "Ó ní Dúdú."

"Orúkọ mi nìkan?"

"Òun nìkan."

Ọmọ náà bú sẹ́kún ayọ̀. "Ẹ ní kí wọ́n dúró dè mí o. Ìwé mi ò ní pẹ́ jáde mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Àkàbà ránṣẹ́ sí ilé ìwé pé òun ò lè wá. Wọ́n rọra gbé aránṣọ sí yàrá àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó sì dojú kọ ilé ara rẹ̀ bó ṣe ń dojú kọ ilé oníbàárà. Ó rìn ín, ó wọ̀n ọ́n. Ó rí i pé ibi tó yẹ kí ọmọ àpótí wà ni àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, torí ògiri ló nípọn, pákó lásán ni ilẹ̀kùn. Ó yan èyí tó rí pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò, tó ń gba iná àti nẹ́tíwọ̀kì nínú waya kan náà. Ó fún un lórúkọ kan náà pẹ̀lú ti pálọ̀, kí fóònù lè máa bọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì láìjá, àmọ́ ó fún kálukú ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ kí wọ́n má baà máa jágbe lu ara wọn. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Kò tíì fi sùúrù tó bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀.

Orí àkàbà ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tó ń de ìdè tó kẹ́yìn, nígbà tí Nọ́ọ̀sì wá dúró sísàlẹ̀. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó wo ojú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Àìsàn náà ló padà wá, kò sì bá wọn ṣe ìdúnàádúrà lọ́tẹ̀ yìí, ó ti mú un lọ. Ní aago mẹ́rin, Dúdú pè. Wọ́n ti gbé aránṣọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó dì. Ọmọ náà rí ojú ìyá rẹ̀ kedere, títí dé àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ń pe "Màámi, Màámi" ṣáá. Àkàbà di fóònù náà mú títí apá rẹ̀ fi kú. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń tọrọ pé kí nẹ́tíwọ̀kì já.

Wọ́n sin ín. Dúdú kò lè wá.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Dúdú ṣì ń pe bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, bàbá ṣì ń dáhùn ní pálọ̀, torí kò lè wọ yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní ìwé òun ti jáde. Àkàbà ní a dúpẹ́.

"Ohun kan ló ń tù mí nínú," Dúdú ní. "Màmá ò ní kí n wá. Ká ní wọ́n ní kí n wá ni, mi ò bá ti wá, ì báà gbà mí ní gbogbo ohun tí mo ní. Ó kéré tán, mi ò kọ̀ sí wọn lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí abẹ. Ó lè gbé e mì, bó ṣe gbé ti àkọ́kọ́ mì. Kò gbé e mì.

"Dúdú, mo purọ́ fún ẹ." Ó sọ gbogbo rẹ̀: àpótí tó kì bọ ògiri tó sì mọ̀ pé kò dáa, ọ̀rọ̀ méjì tí ìyá sọ, bó ṣe ń wo fóònù tó ń retí èsì.

"Wọ́n wò mí, mi ò sì dáhùn," ni ọmọ náà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, kò pè. Ní ọjọ́ kẹwàá, fóònù dún.

"Bàbá mi, mi ò tíì dárí jì yín o."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Báwo lohùn wọn ṣe rí? Ṣé inú ń bí wọn ni?"

"Rárá. Bó ṣe máa ń pè ẹ́ wá jẹun nígbà tó o wà ní kékeré ni."

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, òun náà sì sun tirẹ̀, kálukú níbi tó wà.

Dúdú wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò, yàrá ẹ̀yìn ló sùn. Ó gbọn eruku ara máṣíìnì, ó kó àwọn aṣọ tí kò tíì parí fún àwọn tó ni wọ́n. Wọn kò jà, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tó ń padà lọ, Àkàbà bá a gbé àpótí ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọkọ̀. Dúdú kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó dìde, ó wọlé sọ́kọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Sunday nìkan ló ń pè é báyìí.