Káfíńtà Tó Lọ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí Bàbá Onílẹ̀kùn yọ ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò kúrò lára ògiri, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbàgbé awò ojú sílé, ló bá gbé e tẹ̀ lé e dé ilé-ìwé gíga. Ó bá ilẹ̀kùn kan tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró tì í, ó ń wo ihò tí ilẹ̀kùn fi sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń ta òróró sí irin tí ilẹ̀kùn náà fi ń ṣí.

Ohun tí tíṣà ní kí Bàbá Onílẹ̀kùn àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe nínú ìdánwò náà ò le. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú rẹ̀. Kí oníkálukú jókòó sí kíláàsì, kó gba orí wáyà wọ inú kọ̀ǹpútà yẹn, kó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Àwọn ọmọ kíláàsì ń tẹ bọ́tìnnì bí òjò orí páànù. Bàbá Onílẹ̀kùn wò wọ́n títí. Ó dìde, ó fa irin tí wọ́n fi ń tú súkúrù yọ lápò, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá náà.

"Ta ló yọ ilẹ̀kùn yìí?" ni ọ̀gá ilé-ìwé bi í.

"Èmi ni, sà. Ó ń ké bí ewúrẹ́. Ṣé ẹ kì í gbọ́ ọ ni?"

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ẹ̀yin ni." Ó na ìwé àṣẹ ìdánwò sí i. "Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ buwọ́ lù nísàlẹ̀. Ẹ ní ká wọlé lọ́nà yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá ilé-ìwé kà á. Ó tún un kà. Ìyàwó na awò ojú sí ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ló gbà á, ó fi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tíṣà wọn, ọmọbìnrin kan tó kéré sí àbígbẹ̀yìn Bàbá Onílẹ̀kùn, ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà."

"Mo fọwọ́ kàn án, Tíṣà. Èmi ni mo nu eruku ojú ẹ̀."

"Òdo ni máàkì yín."

"Ẹ fún mi ní ìdajì."

"Òdo ni, Bàbá."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ á pàdé láàárín."

"Láàárín òdo àti kí ni?"

Ó ná máàkì yìí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu géètì. Tíṣà ò fi kún un, àmọ́ ó gbà kó tún ìdánwò náà ṣe. Ó tún un ṣe, agbára káká ló fi yege. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, tíṣà gbé àga sí ẹnu rẹ̀, ó jókòó.

Kí ló gbé káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì dé ìdí kọ̀ǹpútà? Olè ni. Olè kan wọ inú fóònù rẹ̀, ó fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, pé ara òun ò yá, kí wọ́n fowó ṣàánú òun. Àwọn kan ṣàánú. Àwọn kan wá kí i, wọ́n bá a lórí àkàbà, tó ń súfèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sunkún tán kó tó pè é. Nígbà tó gbọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, inú bí i.

Bàbá Onílẹ̀kùn ò gbà pé ẹ̀bi òun ni. "Èmi tí mo kan ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò yìí," ló ń wí kiri. "Olè ò wọ ọ̀kan rí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi ò lanu. Ẹ̀rọ ni olè yẹn lò. Màá kọ́ irú ẹ̀rọ yẹn, màá mọ ibi tó gbà."

Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ibi tó gbà. Ó ń fọ abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí olè náà wọlé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń dá ẹnìkan lóhùn lórí fóònù pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tó ń ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀ síta, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ẹni yẹn ní òun ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un kà fún un.

Obìnrin náà ò sọ. Ẹni tó ń yan kiri pé ògiri òun ò lanu, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un? Ó rò pé á gbàgbé. Kò gbàgbé, ilé-ìwé ló lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni àyà obìnrin náà ti ń já. Bí wọ́n bá kọ́ ọkọ òun dáadáa, á mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Òun ò sì mọ̀ bóyá ọkọ òun á lè fara dà á.

Ẹ̀kọ́ náà ò burú. Wíwọ kọ̀ǹpútà ẹni tó bá gbà fún ọ ni, kó o lè fi ihò ibẹ̀ hàn án kí olè tó rí i. Òfin àkọ́kọ́ ni pé o ò gbọdọ̀ wọ ohun tí ẹni tó ni ín ò fún ọ láṣẹ. Bàbá Onílẹ̀kùn gbé òfin yìí délé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó, ṣé mo láṣẹ láti ṣí ìkòkò yìí?"

"Ẹ láṣẹ láti fọ̀ ọ́."

Ó ronú sí i. "N ò tọrọ ìyẹn," ló wí, ó yí padà.

Wọ́n tún kọ́ wọn pé ẹni tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà lè ṣe àpótí kékeré fún orúkọ èèyàn, kó má sọ ibi tí orúkọ náà ti gbọ́dọ̀ parí. Bí wọ́n bá da ọ̀rọ̀ kún un ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè ṣàn bo ẹ̀gbẹ́, kí kọ̀ǹpútà má mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Tíṣà ní kí wọ́n dán an wò lórí ẹ̀rọ ìdánrawò. Àwọn ọmọ kíláàsì fi ìka tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀, ó ń tú jáde fúnra rẹ̀. Bàbá Onílẹ̀kùn ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ó fi ìka kan tẹ ẹjọ́ pákó tó wà láàárín òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ sínú àpótí orúkọ, láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ dé ìdajì, ó dákú.

Ó délé, ó ròyìn. Kò ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. "Èmi náà ti dákú lórí ẹjọ́ yẹn rí," ló wí.

Ìgbà tó yá, tíṣà dé ibi tí obìnrin náà ń bẹ̀rù. Ó kọ́ wọn pé ọ̀pọ̀ olè kì í fọ́ nǹkan kan. Wọ́n máa pè ọ́, wọ́n á yìn ọ́, wọ́n á kán ọ lójú, wọ́n á sì tọrọ nọ́ńbà tó wọ fóònù rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lo máa fi ẹnu ara rẹ gbé e fún wọn. Bàbá Onílẹ̀kùn tó máa ń nawọ́ kí tíṣà tó la ẹnu, kò nawọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó wọlé, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé ìkejì sẹ́sẹ̀. Tíì rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kò tó nǹkan."

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ sí ilé-ìwé. Ó ní orúnkún ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ kẹta. Ìyàwó rẹ̀ wo orúnkún náà, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á. Ọkùnrin tí kò lè jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan kó má dìde, ó ti wá jókòó báyìí bí àpótí tí wọn ò wá gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù obìnrin náà dún ní pálọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Láti bánkì ni." Ohùn náà ń dùn, àmọ́ ikọ́ wà nínú ẹ̀. "A ti ń gbọ́ nípa yín tipẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tó tiyín ládùúgbò yẹn. Iṣẹ́ yín ni gbogbo ayé ń sọ."

Ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ni. Yàrá ni ohùn náà ti ń wá, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ̀. Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ tí olè pe ọkọ rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ìdajì tó kù ló ń gbọ́ báyìí.

"Ẹ yára ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín, Màmá, kí wọ́n má baà ti àkáǹtì yín."

Obìnrin náà rọra fi abẹ́rẹ́ tó fi ń rán aṣọ sílẹ̀. "Ọ̀gá bánkì," ló wí, "ohùn yín yìí mà dùn o. Díẹ̀ ló kù kí n kà á. Ẹni tó bá ti kà á fún yín rí, n ò bá a wí."

Ikọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

"Àmọ́ ẹ bá mi ká aṣọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kẹ́ ẹ tó jáde."

"Ó dáa, Màmá," ni bánkì wí.

Lọ́jọ́ kejì, orúnkún ti sàn.

Kò jẹ́wọ́ o. Títí tó fi kú, Bàbá Onílẹ̀kùn ò jẹ́wọ́. Ìtàn kan ló ń sọ dípò. "Káfíńtà kan wà tí mo mọ̀," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "kì í ṣe àdúgbò yìí ló ń gbé." Ó sọ ọ́ ní kíláàsì, ó sọ ọ́ lórí ìlà ní ọsibítù, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè é. Olè ìtàn náà ń pọ̀ sí i. Ẹnìkan ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n di mẹ́ta, wọ́n di odindi ọ́fíìsì tí obìnrin kan ń sunkún lẹ́yìn. Káfíńtà náà ń mọ iṣẹ́ sí i, ó sì ń gọ̀ sí i.

"Ṣé káfíńtà yẹn ga, Bàbá?" ni onígbàjámọ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò fi bẹ́ẹ̀ ga."

"Ṣé ó máa ń ná owó ìgẹrun bí ẹni ná ọjà?"

"Onígbàjámọ̀ ni ẹ́. Gẹrun, má ṣe ọlọ́pàá."

Gbogbo èèyàn mọ káfíńtà náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ. Àmọ́ àwọn tójú ti tì tẹ́lẹ̀ wá ń yọ wá síta. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá a, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé bó ṣe ṣe káfíńtà yẹn ló ṣe òun. Bàbá Onílẹ̀kùn ò rẹ́rìn-ín. Ó tọrọ àṣẹ kó tó gba fóònù obìnrin náà. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi ti gbogbo ibi tó ṣí.

Ó kú lójú oorun ọ̀sán, lórí àga tó kàn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn èèyàn kún pálọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wá, tíṣà wá, àwọn ọmọ kíláàsì jókòó sílẹ̀. Wọ́n sọ ti ilẹ̀kùn ìdánwò, wọ́n sọ ti kọ̀ǹpútà tó dákú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí kò tíì mọ̀ ní tiẹ̀, yíjú sí ìyàwó olóògbé.

"Màmá, káfíńtà tí Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

Tíṣà bojú wolẹ̀. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi àjà.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Kò gbọ́n tó bó ṣe rò. Àmọ́ ó dáa ju bó ṣe rò lọ."

Nọ́ọ̀sì àgbà ní òótọ́ ni. Ó sún mọ́ obìnrin náà lórí àga, ó dì í lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.