Akeem Kò Fẹ́ Kí Dókítà Mọ̀

Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn ọ́fíìsì downtown ní Calgary ń ṣófo, wọ́n ní kí Akeem náà máa lọ sílé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n máa gbé páìpù epo gbà, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Níbi tó ti ń wáṣẹ́ kiri ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Apá òsì rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀. Òun àti Suliat ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Cochrane, wọ́n kó lọ sí basement kan ní Marlborough.

Suliat, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó fún owó oṣù, ló ń wọṣọ fún un láràárọ̀. Bó bá ti ń de bọ́tìnnì, Akeem á kọjú sí ògiri bíi pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí.

Mardiyah, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá.

"Daddy, it's called the disability tax credit. If the doctor certifies you, Mummy pays less tax. That's all."

"Ṣé èmi lo fẹ́ sọ di abirùn?"

Suliat bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Ní clinic nítòsí Sunridge, dókítà bi í pé ta ló ń wọṣọ fún un.

"Myself," ni Akeem wí. "No problem at all."

Suliat wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀. Dókítà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò lè fọwọ́ sí i. Nínú train, ohun kan ṣoṣo ni Suliat sọ: "Bàbá Mardiyah, ẹ ṣeun."

Ló bá gba iṣẹ́ Saturday kún tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Wọ́n fi POP dì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Suliat fi ọwọ́ òsì di etí ṣẹ́ẹ̀tì mú, Akeem fi ọwọ́ ọ̀tún ti bọ́tìnnì. Ó ń yọ bọ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún yọ. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Suliat.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ ló ń dùn mí."

Akeem mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Pe clinic yẹn."

"Kí n ní kí ló dé?"

"Sọ fún wọn pé mo parọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún dókítà: "My wife does it. Everything. Since the day it happened." Dókítà fọwọ́ sí i.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìjọba tó gbà. Owó orí Suliat dínkù, ó fi iṣẹ́ Saturday sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tó pe Akeem padà.

"Má sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí o," ó kìlọ̀ fún Mardiyah.

"Daddy, nobody cares."

"Èmi care."

Suliat gbọ́ ọ láti kíṣìnnì. Ó ń fọ abọ́ rẹ̀ lọ.