Ewé Tí Mo Já Nínú Ọgbà Tíṣà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kàbà, ẹ̀yin ọmọ mi, òdòdó máa ń dùn mọ́ mi ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Tíṣà wa, ará Mopa, gbin òdòdó òyìnbó kan tó ń jẹ́ ásítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Òmíràn dà bí aró, òmíràn funfun, òmíràn pọ́n bí osùn. Lọ́jọ́ kan ó kó wa jáde, ó já ásítà, ó já yúnyun olódòdó yẹ́lò lẹ́bàá ọ̀nà, ó já imí-eṣú, ó já òdòdó ewúro pàápàá, ó ní ká wò wọ́n dáadáa, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Háà, inú mi dùn débi pé mo sáré délé, tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá pàdé pé ewúro tí wọ́n ń fọ̀ yẹn bá òdòdó òyìnbó tan. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rẹ́rìn-ín jù. Ọkùnrin kan ní Ẹ̀júkù ló fẹ́ ẹ sọ́nà, ìgbéyàwó ku oṣù méjì péré. Ní Sátidé kan, èmi àti òun ń gé kùkùté lóko tí bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun, lẹ́yìn ilé tíṣà. Àdá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Láyé ìgbà yẹn, yúnyun la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ ó ra á lọ́wọ́, ẹ ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sáré lọ já a wá. Ṣùgbọ́n iná ti jó gbogbo èyí tó wà nítòsí, ó di etí odò kí n tó rí i, ọgbà tíṣà sì rèé níwájú mi. Mo rántí pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Mo já ewé ásítà ẹ̀kúnwọ́.

“Ṣé yúnyun nìyí?” ló bi mí.

Mo ní, “Ẹbí ni wọ́n.”

“Ìwọ àti ìwé rẹ.” Ó na ẹsẹ̀ sí mi.

Mo fún un títí, ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́. Ìgbà tí mo wá sáré dé odò tí mo sì padà, ìyá mi ti débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti nà gbalaja sílẹ̀. Yúnyun tòótọ́ dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kẹ̀, ó sì ń kẹ̀ sí i, ọsibítù ló parí ẹ̀: wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún. Àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá láti Ẹ̀júkù, wọ́n kí wa pé “Okun o,” wọ́n jókòó díẹ̀, wọn ò mu omi tí a gbé fún wọn. A ò tún rí wọn mọ́.

Ìyá mi bi ẹ̀gbọ́n mi pé ewé wo la kọ́kọ́ fi sí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi.

“Yúnyun ni, ìyá mi. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.”

Ilé bàbá wa ló gbé títí ó fi kú, kò sì fi ọ̀rọ̀ yẹn bú mi rí. Èmi ni wọ́n rán lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, òun ló hun aṣọ tí mo dì sínú ẹrù. Lónìí, ẹ̀yin ń ra bándéèjì ní kẹ́mìsì, ẹ ń fín oògùn pa yúnyun lẹ́yìn ilé yín, bí ẹnì kan bá sì gé ara rẹ̀, ọ̀kadà á ti gbé e dé ọsibítù kí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀. Ayé yín rọrùn fún àṣìṣe ọmọdé. Ìyá wa kú láìmọ̀ pé ásítà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi.