Àwọn Tó Yin Páàdì Tí A Kò Tíì Tà

Ẹni àkọ́kọ́ tó yin ọjà wa lórí ayélujára kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí. Ẹni kejì náà kò rà. Nígbà tí mo fi ka ọ̀rọ̀ wọn dé ìsàlẹ̀, wọ́n pé méjìlá, gbogbo wọn ló fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún, n kò sì mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ọ̀kan sọ pé òun ti ń lo páàdì bíréèkì wa fún odidi ọdún kan. Ìkànnì tí a ti ń tà á kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Kí n tó sọ bí mo ṣe wá kà wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mo ń tà ní Abossey Okai, nílùú Accra. Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi kó wa wá láti Nàìjíríà. Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra níbí, la ń gbé títí dòní. Ìwé tí mo kà kò ju girama lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ tọrọtọrọ, bọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ayé ń wọ̀ níbí, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tó tún tẹ̀ ẹ́, tó tún tẹ̀ ẹ́. Kò pariwo. Ó kàn wò mí. Ìyá tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan lẹ́yìn wa kò délé lọ́jọ́ náà. Èmi délé lẹ́yìn oṣù méjì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tí kò ká dáadáa mọ́.

Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì níbí. Fítà tó tú ọkọ̀ náà wò mú páàdì rẹ̀ wá hàn mí ní ọsibítù. Ó fi ìka méjì fọ́ ọ bí ẹní fọ́ bisikíìtì. Páàdì tuntun ni. Ẹnì kan ló tà á. N kò mọ ẹni náà títí di òní. Ó lè jẹ́ ará ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Abossey Okai. Ó lè jẹ́ èmi.

Láti ìgbà náà, n kì í ta páàdì tí n kò tíì gbé lọ́wọ́, tí n kò tíì fi èékánná ha, tí n kò tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ó tún ti gbé e símú o! Ẹ bá a wá iyọ̀ àti ata, kó lè jẹ ẹ́ tán!"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá ìkànnì náà sílẹ̀. Accra ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, Wọfa ló sì ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni ní èdè Twi. Ó kàwé, ó gbọ́n, kò ríṣẹ́. Ohun tó rò dára: kí awakọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn tẹ fóònù rẹ̀, kó rí páàdì tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu, kó sanwó, kí ọlọ́kadà sì gbé e lọ fún un. Ọjà mi la fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ sókè.

Nígbà tí oníbàárà kò yọjú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń tajà lórí ayélujára. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù bíi yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Kò sí eruku lára bàtà rẹ̀, ní Accra yìí! Mo ti ń fura sí i kó tó ya ẹnu.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má ta gbogbo nǹkan. Páàdì nìkan ni kẹ́ ẹ tà, títí dìgbà tí ẹni tó bá ti gbọ́ bíréèkì á fi máa rántí yín."

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: ìmọ̀ràn yẹn dára. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Èyí tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni n kò fẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí ìkànnì náà kún. Kò sẹ́ni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Ibi tí èèyàn bá sì pọ̀ sí ni èèyàn ń lọ, nítorí náà, ẹ wá àwọn tó máa yìn yín." Ó wo ìsàlẹ̀. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún un kí n tó lè dá a lẹ́kun.

Ojú ọkùnrin náà tàn. "Áà! Ìtàn nìyẹn! Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá yín. Wọ́n á sunkún, wọ́n á rà á."

"Mi ò ní ọ̀pá," mo ní.

"A máa wá ọ̀kan fún yín."

Mo dìde.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, mo jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí mo máa ń jókòó sí báyìí. Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé.

"Wọfa, gbogbo èèyàn lẹ ń fura sí."

"Kì í ṣe gbogbo èèyàn."

"Ta ni ẹ kì í fura sí?"

Mo rò ó títí a fi bọ́ sílẹ̀. N kò rí ẹnì kankan dárúkọ.

Mo ní kó jẹ́ ká gbìyànjú ọ̀nà tèmi náà wò. Mo mú un lọ bá awakọ̀ mẹ́wàá tí mo mọ̀ ní ibùdókọ̀. A kò polówó ọjà kankan. A kàn gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, a ní kí wọ́n ra páàdì, àwa sì ń wo àtàǹpàkò wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló dúró síbì kan náà, níbi tí wọ́n ti máa sanwó. Ọ̀kan dá fóònù padà fún wa.

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ta ni mo máa wá bá jà? Ṣé fóònù yìí ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ̀nà tó dé ṣọ́ọ̀bù wa sókè pátápátá, kó fi nọ́ńbà mi síbẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé èmi ni wọ́n máa wá bá jà. Ó kọ ọ́. N kò mọ̀ pé ó ti padà lọ bá ọlọ́fíìsì tútù lẹ́yìn mi.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe ní ìlà wa. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí n kò ní, n kì í sọ pé n kò ní in. Màá ní, "Ẹ jókòó, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kejì," màá sì lọ gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò. Gbogbo wa là ń ṣe é. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí oníbàárà àti fítà rẹ̀ máa gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, wọ́n á bú mi, wọ́n á ná an. Ojú wọn wà lára ọjà. Ọmọ náà gbé àṣà yìí lọ sórí ayélujára bó ṣe rí i lọ́wọ́ mi. Ó ya fọ́tò páàdì gbogbo ìlà wa, ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ mi, ìkànnì sì kún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ti mọ́sálááṣí dé, mo bá a tó ń jó láàárín ṣọ́ọ̀bù.

"Wọfa! Oníbàárà ti dé! Ẹni tá ò mọ̀ rí o, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí!"

"Kí ló rà?"

"Páàdì iwájú fún bọ́ọ̀sì. A ò ní irú rẹ̀, mo gbà á lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọlọ́kadà ti gbé e lọ sí Jamestown."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Inú páálí ló wà, Wọfa. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa."

"Irú bọ́ọ̀sì wo?"

Ó wo fóònù. "Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Obìnrin kan ló ni í. Ó kọ ọ́ síbí pé, 'Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń gbé. Ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa yín ni mo kà tí mo fi rà á.'"

"Àwọn èèyàn wo?"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ka àwọn méjìlá náà.

"Ta ló kọ wọ́n?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn ni. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ó ní bí ti òótọ́ bá ti dé, ká yọ ti irọ́ kúrò." Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà máa ń sọ pé ó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín kejì. Ṣọ́ọ̀bù kejì dà, Wọfa?"

Mo wá nọ́ńbà oníbàárà náà jáde lójú fóònù.

Mo pe obìnrin náà, kò gbé e. Mo tún un pè. N kò dá a lẹ́bi; èmi náà kì í gbé ìpè ẹni tí n kò mọ̀. Mo wọ ọkọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ń rí ní gbogbo ọ̀nà, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ òórùn ẹja yíyan, tí mo rí òkun ní Jamestown, mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ṣe. Mo bá fítà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, táyà iwájú méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti de páàdì apá kan parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" mo kígbe. "Ẹ má dè é mọ́!"

Obìnrin kan tó jù mí lọ díẹ̀ dìde lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. "Ta nìyí?" Twi la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ta páàdì yẹn fún yín, Àǹtí."

"Ìwọ lo tà á, ìwọ lo tún wá gbà á?" Ó gbọ́ ohùn mi, ó mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. "Éì, Alata! Ṣé ẹ ti fi owó lé e ni?"

"Rárá o. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa ni."

Fítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tuntun ni. Ẹ wo páálí rẹ̀."

"Èyí tó sọ ẹsẹ̀ mi dà báyìí, tuntun ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tú u. Mo gbé e lọ́wọ́: ó fúyẹ́ díẹ̀, tàbí ẹ̀rù ló mú kí n rò bẹ́ẹ̀. Mo fi èékánná ha á, ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ jáde. Èyí tó dára náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. N kò lè búra.

"Àwọn tó yìn ọ́ ńkọ́?" obìnrin náà béèrè. "Ẹni tó ní òun ti lò ó lọ́dún kan. Pè é, kó sọ fún wa bóyá èyí dára."

Mo lè purọ́. Ó wù mí kí n purọ́. "Àǹtí, mi ò mọ̀ wọ́n. Wọn ò ra nǹkan kan. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀."

Ó wo inú bọ́ọ̀sì. Ọmọ kan ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ewúrẹ́ sẹ́yìn àga.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa wọ̀ ọ́," ó ní.

"Mo máa mú òmíràn wá lọ́la. Èmi àti fítà yín la jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba owó yín."

Mo mú un lọ ní Sátidé. Èmi àti fítà jókòó sílẹ̀, a gbé e, a ha á, ó gbé e símú, ó wò mí. "Kí ni mo máa gbọ́ níbẹ̀, Bàbá?" Mo tún ha á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ní kó dè é.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa ọ̀rọ̀ àwọn méjìlá náà rẹ́. Ó yọ gbogbo páàdì tí kì í ṣe tiwa. Ohun tó ṣẹ́ kù kò kún ojú fóònù kan. Ọlọ́fíìsì tútù ní a ti pa iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Èmi náà jáwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kejì. "Mi ò ní in," ni mò ń sọ báyìí, "ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó lọ́dọ̀ aládùúgbò." Páàdì tí mo gbà padà ṣì wà nínú dùrọ́ọ̀ mi. Mo máa ń gbé e wò. N kò tíì mọ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ dúró sí ìkóríta tí bọ́ọ̀sì náà máa ń gbà. Mo rí i lókèèrè, ó ń bọ̀, ariwo àwọn ọmọ kún inú rẹ̀. Iná adarí ọkọ̀ pọ́n. Mo di òpó iná mú. Bọ́ọ̀sì náà rọra dúró, ìlà funfun ojú títì ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan yọ lórí ìkànnì wa, ìràwọ̀ mẹ́ta: "Ojo ni ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ ra páàdì lọ́wọ́ rẹ̀."

"Wọfa, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́," ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló máa rajà lọ́wọ́ ojo?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná. Mo pe nọ́ńbà obìnrin náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́?"

"Éì, Alata! Ta ló tún mọ̀ pé ojo ni ọ́?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ní kó sọ ohun tí ọmọ yà sẹ́yìn àga bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún mi, kó lè dá mi lójú pé òun ni. Ó bú mi, ó sì sọ ọ́.