Ibà Tí Ìyá Mi Fi Bo Ẹ̀yìn Mi

Lánàá, obìnrin kan ṣí ike òrí nínú ọkọ̀ ojú irin. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá wa ní àdúgbò Parkchester lókè òkun, nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi na eegun ẹ̀yìn mi tó wọ́.

Màmá ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Kíá ni Màmá fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí dé ọrùn.

“Ibà ló ń ṣe é, Mà.”

Ìyá náà fọwọ́ kan iwájú orí mi. “Ìyá Ṣadé, ibà wo ló tutù báyìí?”

Màmá rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Irọ́ ibà tó pa yẹn jẹ́ kó dá mi lójú pé iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́.

Nígbà tí àlejò lọ, mo bi Màmá pé, “Ṣé mo máa kú ni?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Àmọ́ kò ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní abuké, kódà nígbà tí ẹ̀yìn mi ti nà.